Ṣájà ìgboro kò bá ihò ọkọ̀ mi mu, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń lọ sí Èkó. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti kó ọkọ̀ oníná mi wá, ihò ìgbaná irú tiwọn, tí wọ́n ń pè ní GB/T, ló wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dé ibùdó kan ní Lekki, orí wáyà ṣájà irú ti Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní CCS2, nìkan ni wọ́n ní. Mo gbé orí wáyà sí ihò, kò wọlé rárá. Bátìrì ti ku ìdá 11 nínú 100, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé àbúrò mi ló gbà mí sílẹ̀, odindi òru ló sì gbà.

Nílé, bí NEPA bá ti mú iná lọ tí mo tan jẹnẹrétọ̀, iná pupa ló máa ń tàn lára àpótí ṣájà. Oníṣẹ́ iná ní àpótí náà kò rí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó wọ ilẹ̀) ni, pé kí a so nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti ṣe é rí?

Èyí tó ká mi lára jù ni adápítọ̀ (ohun ìsopọ̀) CCS2 sí GB/T. Ta ló ti fi gba iná DC (iná ṣájà kíákíá), tí kò gbóná, tí kò jó? Ẹ sọ fún mi kí n tó náwó.