Mo mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n kò mọ ilé rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Ọmọ ọdún 36 ni mí. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Mo ti lọ́kọ rí, a ti pínyà, mo bí ọmọkùnrin kan tó ti pé ọdún 9. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gba Ìdìrókò kó ọjà lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Tí ọjà bá ṣẹ́kù, mo máa ń gbé e dé ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu.

Télọ̀ kan wà ní Àjàṣẹ́ tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún 41 ni. Ègùn ni bàbá rẹ̀, ará Kétu ni ìyá rẹ̀, ìyẹn ló fi gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó bá ń yára sọ̀rọ̀, mo máa ń ní kó tún un sọ. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò wa bàjẹ́ lẹ́yìn Ìgólò. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, ẹrù aṣọ sì wà lọ́rùn mi. Mo pè é pé n kò ní lè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọkùnrin yìí gbé ọ̀kadà wá bá mi, ó fi ọ̀rá wé ẹrù mi dáadáa, òjò wá pa òun fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni mo sùn mọ́jú. Láti ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ ti yí padà.

Tí a bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, a máa ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tó dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èyí táwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Inú mi dùn débi pé n kò ka owó sẹ́fà tí oníbàárà kan san fún mi lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù 7 báyìí, n kò tíì dé ilé rẹ̀. Ó ní agboolé bàbá òun ni òun ń gbé, pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun le. Tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, kì í gbé fóònù. Ìyá mi ní òun kò bímọ fún ilẹ̀ Faransé. Ṣé kí n bi í ní tààrà, àbí kí n rán èèyàn?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Aṣọ lo gbé lọ tà, ara rẹ lo gbàgbé sórí àtẹ. Ọmọ mi, n kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé owó wà láàárín yín?

Oníṣòwò Àjàṣẹ́: Ó ti tó ọdún 14 tí mo ti wà nílùú yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kì í gbé fóònù lálẹ́ ló níyàwó nílé. Èmi náà máa ń pa tèmi nítorí àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n agboolé kì í bo àṣírí. Lọ ra àkàsà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, jókòó jẹ ẹ́, kí o sì kí wọn dáadáa. Kó o tó tú ewé kejì, wàá ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà ńbẹ̀. Ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nìkan ni ìjọba ibí mọ̀. Òfin ẹbí tí wọ́n ṣe ní 2004 kò gbà ju ìyàwó kan lọ fún ọkùnrin. Àwọn kan ṣì ń fẹ́ ìkejì nílé, ẹbí á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á jó, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò níwèé. Nítorí náà, má bi í pé "Ṣé o níyàwó?" Bi í pé "Ṣé o ti bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé ní mairie rí?" Ẹni tó lè fi ọgbọ́n yẹ ìbéèrè àkọ́kọ́ sílẹ̀ kò lè fi yẹ ìkejì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, ìyá mi. Ó jẹ mí ní 85,000 sẹ́fà. Àwìn ọjà ni. N kò kà á sí gbèsè rárá, àfi bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí tí mo sì fojú ara mi kà á.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹn-hẹ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rọra. Télọ̀ wo ni kì í ra àwìn? Ẹni tó fẹ́ jẹ owó ọjà gbé kò ní gbé ọ̀kadà jáde nínú òjò. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó san gbèsè yẹn kó tó gbé ẹrù ìdána wá. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ owó orí o.

Aya Ará Kútọnu: Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Fọn ni ọkọ mi, a ti jọ wà fún ọdún 11. Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo ti fi ṣe orúkọ. N kò kábàámọ̀. Ohun tó le jù fún mi kì í ṣe ẹbí ọkọ, ilé ìwé ni. Bí tíṣà bá kọ̀wé sí mi, ọmọ mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì mọ̀ pé ó máa ń fo àwọn ibi tó bá a wí.

Àbúrò mi, o dárúkọ ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, o kò tún padà sórí rẹ̀. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó o bá wà ní Àjàṣẹ́? Ṣé o máa mú un lọ ni? Àti pé ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tó o bá ní genotype fún wọn níbẹ̀, ó lè má yé wọn. Électrophorèse ni kó o ní o fẹ́ ṣe. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell. Òjò kò ní gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹni tó béèrè: Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọmọ máa ń wà. Mo bi í lálẹ́ àná bóyá ó lè gbé ìlú míì. Ó ní ṣé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Mo ti bá àbúrò ìyá mi sọ̀rọ̀. A ó jọ lọ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ní Àjàrá, ìlú tó wà lẹ́bàá Àjàṣẹ́, a ó sì yà sí agboolé náà. N kò ní pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló júwe ibẹ̀ fún mi. Nígbà tó júwe é tán, ó ní kí n má sọ pé òun ni o.