"Abẹ́yà" kọ́ o, ìdílé ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá pé ká máa pe ìpín tó wà lábẹ́ ẹ̀yà Ísírẹ́lì ní "abẹ́yà", mo ka àlàyé yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ̀yà Júdà, ẹ̀yà Mánásè, ìyẹn yé gbogbo wa, àmọ́ "ìdílé" tó wà nínú Bíbélì wa ti di ọkọ àtìyàwó àtọmọ méjì nínú yàrá àti pálọ̀, kò lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mọ́, lẹ bá rọ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà sínú iná.

Ohùn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá yín fà. Ẹ̀yà ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀ àkọ́kọ́, níbo lẹ gbé e lọ? Tẹ́ ẹ bá so abẹ́ mọ́ ẹ̀yà, "abẹ́ẹ̀yà" ló máa jáde lẹ́nu, ohùn yẹn ò ṣeé gbé mì bẹ́ẹ̀. Ẹ tún yí i po kẹ́ ẹ wò ó: ẹ̀yà abẹ́. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọmọ máa kà sókè níwájú ìyá ẹ̀ nìyẹn?

Ìdí lẹ fojú di. Ìdí igi, ìdí iṣẹ́, ìdí ọ̀rọ̀, ìdí òrìṣà: ibi tí nǹkan fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí ni ìdí, ibẹ̀ lẹ̀ka ti ń yọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín oko bàbá bàbá mi, ìyá àgbà to ekùrọ́ mẹ́ta sórí ẹní, wọ́n ní ọmọ mọ́kànlá lẹ jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdí mẹ́ta lèmi mọ̀, wọ́n wá ń fìka ti ekùrọ́ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dárúkọ àwọn ìyàwó, àwọn fúnra wọn ló gbẹ̀yìn. Kóòtù náà mọ̀ ọ́n. Ogún Dawodu l'Ékòó, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ìdí-igi (kí wọ́n fi iye ìyàwó pín in) àti orí-ò-jorí (kí wọ́n fi iye ọmọ pín in) ni wọ́n ń jà lé lórí títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pẹjọ́ kẹ́yìn sí nígbà yẹn, ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1962, ìdí-igi ló sì borí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé ìdí-igi tiwa, ìyàwó la fi ń kà á, tàwọn Ísírẹ́lì sì jẹ́ ti bàbá. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ lọ wo Mánásè nínú Númérì orí 26, níbi tí wọ́n ti ka ọkùnrin 52,700. Héférì wà lára àwọn ìdílé ibẹ̀. Sélóféhádì ọmọ Héférì ò bí ọkùnrin kankan, obìnrin márùn-ún ló bí, Málà, Nóà, Hógílà, Mílíkà àti Tírísà, àwọn yẹn ló lọ dúró níwájú Mósè pé kí orúkọ bàbá àwọn má ṣe parẹ́ nínú ìdílé ẹ̀, kí wọ́n fáwọn nílẹ̀, wọ́n sì fún wọn. (Nóà yìí kì í ṣe ẹni tó kan ọkọ̀ o, orúkọ ọ̀tọ̀ ni lédè Hébérù, àkọsílẹ̀ tiwa ló kó wọn pọ̀, ìyẹn náà ń bí mi nínú.) Lọ́dún 1910, àwọn tí Harvard rán lọ walẹ̀ ní Samáríà rí àpáàdì tí wọ́n fi ínkì kọ nǹkan sí, àkọsílẹ̀ wáìnì àtòróró, ti ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi. Orúkọ méje nínú ìdílé Mánásè ló wà lára àpáàdì wọ̀nyẹn: Ábíésérì, Ásíríélì, Hélékì, Ṣékémù, Ṣémídà, àti méjì tó kù. Héférì ò sí níbẹ̀ rárá. Nóà àti Hógílà ló wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀ lóbìnrin, orúkọ wọn ti di orúkọ ilẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, tí èyí ò bá ṣe ìdí, kí ló ń jẹ́ ìdí?

Bí wọ́n sì ṣe mú Ákánì nínú Jóṣúà orí 7 náà nìyẹn: ẹ̀yà Júdà, ìdílé Sérà, ilé Sábídì, kó tó wá kan òun fúnra ẹ̀. Ilé yẹn, bet av ni Hébérù ń pè é níbòmíràn, ilé bàbá gẹ́lẹ́, bá a ṣe ń pè é nílé wa.

Ẹni tó ní ká lo "ìran", ìran kẹta, ìran kẹrin, ìgbà nìyẹn ń tọ̀, kò nílẹ̀. Mishpachah, orúkọ tí Hébérù ń pe ìpín abẹ́ ẹ̀yà tá à ń jà lé lórí yìí, nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sì tún ní àwọn ti fọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn, àmọ́ ìyá àgbà tí ò wọ kíláàsì rí ò jẹ́ pe ọkọ àtìyàwó àtọmọ méjì ní ìdílé. Àwa tá a ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó la bà á jẹ́.

Ibi tó le lóòótọ́ ni Gídíónì, ará Ábíésérì inú àpáàdì yẹn náà ni. Nínú Onídàájọ́ orí 6, kò pe tiwọn ní mishpachah, elef ló pè é, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń ka ẹgbẹ̀rún. Ìdílé ò gbé ìyẹn dáadáa, "ẹgbẹ̀rún mi" náà ò dùn létí. Ẹ bá wa rọ ìyẹn.