Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wo ni ó ran ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe lọ́wọ́ ní kíláàsì yín gan-an?

Ẹlẹ́fun: Mo kí gbogbo ilé o. Ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti gbà pọ̀ débi pé mo lè fi bo ògiri yàrá mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí èyí tó mú kí ọmọ kan mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan péré ni n óò rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ tiyín. Kí ni wọ́n kọ́ yín, kí ni ó sì yí padà lára ọmọ náà?

Tíṣà Àgbà: Ọmọ tí kò ríran ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, lẹ́yìn tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ Braille, ìlànà ìkọ̀wé alámì tó yọ sókè tí afọ́jú ń fi ìka kà. Ẹni tó bá ń fi pátákó àti abẹ́rẹ́ kọ ọ́, láti ọ̀tún ni yóò ti máa gún un bọ̀ sí òsì, nítorí pé ẹ̀yìn ìwé ni àmì ti ń yọ, a ó sì yí i padà kí ọmọ tó fi ìka kà á. Orí mi mọ èyí, ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà "e" àti "i" dà bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Mo rò pé mo kọ "ile", ọmọ náà ń kà á ní "eli", mo sì ń gé máàkì rẹ̀. Nígbà tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí òun náà kò ríran wá wo iṣẹ́ wa, ó fi ìka rìn lórí ìwé náà, ó sì rẹ́rìn-ín pé, "Tíṣà, ohun tí ẹ kọ ni ọmọ yìí kà o." Louis Braille tó tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1829, afọ́jú ni, ó sì ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé ní Paris. Ó yẹ kí n ti mọ irú ẹni tó yẹ kí ó kọ́ mi.

Ìyá Àbúrò: Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo rántí iye ìgbà tí wọ́n ti pe ọmọ tèmi ní ọ̀lẹ.

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi yóò gùn díẹ̀. Èmi kì í ṣe tíṣà, ẹ̀gbẹ́ ọmọ kan tó ní Down syndrome, ipò àbímọ́ni tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ falẹ̀ fún ọmọ, ni mo ń jókòó sí. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo kíláàsì lọ, gbogbo ènìyàn sì ń yìn mí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ni ó ń kọ ọ́. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sẹ́yìn wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ka iye àkókò tó ń kọjá lẹ́yìn ìbéèrè kí n tó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. N kì í dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ó ní kí n máa ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn mi. Ó tún kọ́ mi pé kí n kọ orúkọ rẹ̀, kí n fi lẹ́tà tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Bí ó bá ti mọ ìyẹn, kí n fi méjì sílẹ̀, kí n máa bá a bọ̀ láti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, ó gbé pẹ́ńsùlù sókè, ó ń wo orúkọ náà bí ẹni pé òun ni ó kọ ọ́ tán pátápátá.

Tíṣà Àgbà: Ẹ̀bi kì í ṣe tiyín. Àwa tíṣà ni wọ́n ń pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ìyá Àbúrò: Èmi náà ni mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi. Mo ti jẹ́wọ́.

Oníyèméjì: Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa mójú tó àwọn yòókù nígbà tí tíṣà bá ń ka ení, èjì? Ẹ sì dárí jì mí, ṣé kíkọ orúkọ ni àṣeyọrí nínú ẹ̀kọ́? Èmi rò pé ìdánwò ni à ń sọ.

Olùrànlọ́wọ́ Kíláàsì: Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sórí ìwé ìdánwò?

Oníyèméjì: Mo gbà fún un yín lórí ìyẹn. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Etí-Ò-Gbọ́: Adití ni mí. Tíṣà mi máa ń kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo kàwé lé lórí fún ọdún méjì. Nígbà tó padà láti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohun kan péré ni ó yí padà: yóò kọ̀wé tán, yóò kọjú sí wa, kí ó tó sọ̀rọ̀. Kò ná an ní nǹkan kan, kò sì gba àkókò àwọn yòókù, Oníyèméjì.

Ẹlẹ́fun: Ṣé wíwo ètè tó yín, àbí èdè ọwọ́ ni ẹ bá fẹ́?

Etí-Ò-Gbọ́: Kò tó rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó jọra lẹ́nu. Ní Milan ní 1880, ìpàdé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ràn nìkan ni ó wà níbẹ̀ pinnu pé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ adití, kí èdè ọwọ́ kúrò ní kíláàsì. Ọdún 2010 ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó fagi lé ìpinnu yẹn ní Vancouver. Kọjú-sí-mi dára, ṣùgbọ́n tíṣà tó gbọ́ èdè mi ni mo fẹ́.

Oníyèméjì: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa láìmọ èdè ọwọ́.

Etí-Ò-Gbọ́: Ẹ bi í bóyá ó ń gbádùn oúnjẹ nígbà tí gbogbo ẹbí bá ń sọ̀rọ̀ papọ̀.

Ẹlẹ́fun: Mo dán kíka ení dé ẹ̀wá wò lónìí. Mo bi ọmọkùnrin kan ní ìbéèrè, mo dákẹ́. Nígbà tí mo kà dé ẹ̀jọ, ó ní, "Tíṣà, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá Àbúrò: Ó wá dáhùn ìbéèrè náà bí?

Ẹlẹ́fun: Ó dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wà ní kíláàsì mi, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ ibi tí ó ti ń ṣì í.