Ẹ gbà mí o! Kí lọmọ lè kà tó bá ń kọ ìtàn ogun? (Ìkòròdú)

Ìyá Ìbejì Agric: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará Ìkòròdú, kíákíá ni o. Ọmọ mi obìnrin ń kọ ìtàn fún ìdíje, ti àjẹ́ àti dírágónì, ogun wà nínú ẹ̀, tíṣà ní ogun náà ò jọ ogun. Kí ló lè kà? Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa gbà á.

Bọ̀dá Ṣọlá: Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé idà ni wọ́n fi ń jà àbí ìbọn? Ẹ ò sọ nǹkan kan.

Ọdẹ Ìjẹ̀dé: Ẹ ní kó jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Nínú ìtàn àwọn ọmọ ìwòyí, ọmọ ọdún 16 á fi idà jà láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní mumi. Èmi tí mò ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ, tí mo bá yìn ín tán èéfín á bò mí lójú, mi ò ní mọ̀ bóyá ó bà á àbí kò bà á, kí n tó tún da ẹ̀tù sẹ́nu ẹ̀ kí n fọ̀pá kì í, ẹran ti lọ. Tó bá wá jẹ́ èèyàn, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Kójò wá pa ẹ̀tù ná!

Mummy Fọlá: Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni o!! Bọ̀dá kan gba 20,000 náírà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá pé òun á bá ọmọ mi tún ìtàn ẹ̀ ṣe. Ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ jí kó síbẹ̀, orúkọ òyìnbó ṣì wà nínú ẹ̀! Wọ́n yọ ọmọ kúrò, ọ̀sẹ̀ kan ló fi sunkún. Mo pè é, ó ti blọ́ọ̀kì mi.

Ìyá Sábó: Ṣé kì í ṣe èyí tó ń wọ gíláàsì yẹn?

Mummy Fọlá: Òun ni!! Ẹ wá inbox.

Ọmọ Ìgbógbó: Kí ló kàn wá kan dírágónì? 1865 ńkọ́, tí Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ta ló lé wọn?

Ọmọ Aké: Gómìnà Glover ló kó sójà àti rọ́kẹ́ẹ̀tì wá láti Èkó. Ẹ̀yin kọ́.

Ọmọ Ìgbógbó: Ta ló di ìlú mú kó tó dé?

Bọ̀dá Ṣọlá: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń kọ̀wé. Ìyá Ìbejì, kó ka nípa Kírìjì, 1877 sí 1893, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Wọ́n pẹ́ débi tí wọ́n kọ́lé sí bùdó. Kó bi ara ẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ.

Alájà Ẹ̀pẹ́: Kápẹ́ńtà kan wà lẹ́bàá ọjà Ayétòrò tó ń gbẹ́ idà onípákó, kò wọ́n.

Ìyá Ìbejì Agric: Ìtàn ni mà, kì í ṣe dírámà. Ẹ ṣé o, mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní kò sáàyè mọ́, ó ti ní kí dírágónì gbé gbogbo ọmọ ogun mì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́.

Ọdẹ Ìjẹ̀dé: Tìbọn tẹ̀tù? Inú á run ún o.