"Àrùnléndé" kẹ̀? Mi ò fara mọ́ ọn o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará tá a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa fi túmọ̀ ìtàn àwọn Mi'kmaq, àwọn tó ni ilẹ̀ Nova Scotia ní Canada káwọn òyìnbó tó dé. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe àwọn Mi'kmaq tí àìsàn tú kúrò nílé ní "àrùnléndé", torí pé ogúnléndé lẹni tí ogun lé dé, ó dùn lẹ́nu gan-an, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Kí ibà tó bá wọn jà ní Nova Scotia ní 1846 wọ 1847, àwọn òyìnbó ti gba igbó ọdẹ wọn, wọ́n ti kọ́lé sí i, pòtétò tí wọ́n ní kí wọ́n máa gbìn ti jẹrà sínú ilẹ̀, ebi ti pa wọ́n dójú ẹ̀, ibà kàn wá bá wọn nílẹ̀ ni. Tá a bá ní àrùn ló lé wọn, a ti bá ẹni tó lé wọn gan-an pa ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ rẹ́ nìyẹn.

"Ìtọrẹ àánú" tẹ́ ẹ fi túmọ̀ relief, ìyẹn ohun tí ìjọba ń pín fún wọn nígbà yẹn, ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ní 1841 Paussamigh Pemmeenauweet, olórí wọn kan, kọ lẹ́tà sí Ọbabìnrin Victoria pé gbogbo igbó yìí tiwa ni tẹ́lẹ̀, ní báyìí a ò lè gé igi tá a máa fi yáná àfi bí òyìnbó bá fẹ́. Ṣé alágbe ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Lọ́dún kejì ìjọba ibẹ̀ ṣòfin, wọ́n ní kí Joseph Howe, olóṣèlú kan níbẹ̀, máa bójú tó àwọn Mi'kmaq, wọ́n wá ń pín kúbùsù. Ẹni tó gba oko ẹ tó wá fún ẹ ní kúbùsù, sàráà ló ṣe yẹn?

Ẹnì kan ní ká pe relief yẹn ní "gbà-má-bínú". Rárá, ta ló bẹ̀ wọ́n? "Páálíétíìfù" tí àbúrò wa fi ṣàwàdà gan-an ló sún mọ́ ọn jù, ohun táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba ń pín tí kì í kárí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àyálò ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sí "ìrànwọ́ ìjọba", kò bu iyì kún ìjọba, kò sì sọ àwọn Mi'kmaq di alágbe.



Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, Mi'kmaw ni, Mi'kmaq ti ju ẹnì kan lọ.