Ìpéǹpéjú kọ́ ni ṣọ́tà o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ṣọ́tà kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tó sì tún ń dé. Ẹnì kan ní ká máa pè é ní ìpéǹpéjú torí ó ń ṣí ó ń pa dé, ẹlòmíì ní ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀, ẹnì kan tún gbé "ìfihàn" wá fún exposure, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù gbà.

Ìpéǹpéjú dùn létí, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹni tó bá ti fọwọ́ kan lẹ́ńsì onídẹ ayé àtijọ́ rí, èyí tí wọ́n ń fi sí kámẹ́rà ńlá onígi, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dé ibi tá à ń lọ. Ẹ wo lẹ́ńsì Petzval tó jáde ní 1840, idẹ àti gíláàsì lásán ni, kò síbi téèyàn máa tẹ̀ lára ẹ̀. Ìdérí ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ṣọ́tà! Wọ́n á ṣí i, wọ́n á máa kà á lẹ́nu, tó bá tó wọ́n á dé e padà. Ṣé ìdérí tó wà lọ́wọ́ onífọ́tò la wá fẹ́ pè ní ìpéǹpéjú?

Nígbà tó yá wọ́n ṣe ṣọ́tà kan tó ń jẹ́ Packard, tó jẹ́ pé rọ́bà kan lèèyàn máa fún, afẹ́fẹ́ á gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ ṣí i. Ṣọ́tà ti ilé iṣẹ́ Thornton-Pickard nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀, aṣọ dúdú tó ń ká ni, iwájú lẹ́ńsì ni wọ́n ń fi í sí. Ti kámẹ́rà Speed Graphic wá burú jù, ẹ̀yìn kámẹ́rà lọ́hùn-ún ló wà, nítòsí fíìmù, ìyẹn sì lè yára dé ìdá kan nínú 1000 sẹ́kọ́ńdì. Ta ló rí ìpéǹpéjú lẹ́yìn orí rí?

Iṣẹ́ tí nǹkan yẹn ń ṣe ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ, ká fi ìrísí ẹ̀ sílẹ̀. Mo dábàá AṢÍDÉ, ohun tó ń ṣí tó sì ń dé. Ìdérí wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, Packard náà wà níbẹ̀.

Ti exposure yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìfihàn sílẹ̀ fún àwọn tó ń pàtẹ àwòrán. Bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí, méjèèjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó ń lo ìdérí ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ká ní pépà fọ́tò tí ISO ẹ̀ (bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) jẹ́ 6 ló wà nínú kámẹ́rà dípò fíìmù, tí oòrùn sì ń ràn dáadáa, ní f/16 (nọ́ńbà bí ihò ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, bó bá ṣe ń ga sí ni ihò ń kéré sí) á fẹ́ bíi ìdá kan nínú 6 sẹ́kọ́ńdì, ọwọ́ wo ló fẹ́ yára tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n tó bá dín ihò kù dé f/64, ó ti di bíi sẹ́kọ́ńdì méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta, á rọra yọ ìdérí, á ṣì fi dí iwájú lẹ́ńsì díẹ̀ kí kámẹ́rà má bàa máa mì, lẹ́yìn náà ló máa wá gbé e kúrò. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá tiẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin sẹ́kọ́ńdì pẹ́, kò ní hàn. Tí ihò ò bá ṣeé dín kù mọ́, ó lè fi gíláàsì dúdú síwájú ẹ̀, gíláàsì tó ń gé stop mẹ́ta (stop kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì) á sọ sẹ́kọ́ńdì kan di mẹ́jọ.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ÌGBÀMỌ́LẸ̀, ìyẹn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù gbà, yálà ó yára gbà á ni o tàbí ó rọra. (Ẹ má pè é ní ìgbìmọ́lẹ̀ o, àwọn kan á rò pé ìgbìmọ̀ là ń pè.)

Ó wá ku àwọn irin pẹlẹbẹ olóhò tí ọ̀gbẹ́ni Waterhouse gbé jáde ní 1858, tí wọ́n ń tì bọ inú ojú tí wọ́n là sára lẹ́ńsì, èyí tóhò ẹ̀ kéré fún oòrùn, èyí tóhò ẹ̀ fẹ̀ fún inú ilé. "Ihò àtìbọ̀" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ irin yẹn gan-an là ń tì bọ̀, a kì í ti ihò. Ta ló ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ?