Àdúà wo ni ó yẹ fún ìpàdé mọ̀lẹ́bí ní ọjọ́ kejì Iléyá?

Ìbéèrè

Àsàláàmù àléékúmù, ẹ̀yin ará mi. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, gbogbo ọmọ bàbá wa máa ń péjọ sí agbo ilé wa ní Ìbàdàn. Àáfà àgbà tí ó máa ń bá wa ṣe àdúà kò ní lè wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ní kí èmi tí mo ka kéú díẹ̀ bọ́ sí ipò wọn. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì nínú wa, àti pé Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn kan nínú ẹbí. Àdúà wo ni kí n ṣe?

Èsì kìíní

Wa aléékúmù sàláàmù. Ẹ má wá àdúà gígùn kan tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, kí ẹ ṣe àsàlátù fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kí ẹ wá mú àdúà inú Kùránì. Áyà (ẹsẹ) 74 nínú Súúrà (orí) Fúríkáànì, «Rabbanā hab lanā min azwājinā wa dhurriyyātinā qurrata a‘yun», bá ìdílé mu gan-an, torí ó ń tọrọ kí aya àti ọmọ jẹ́ ìtutù ojú fún ẹni. Ẹ so áyà 40 àti 41 nínú Súúrà Ibrahim mọ́ ọn, níbi tí Ànábì Ibrahim, tí à ń torí rẹ̀ pa àgbò, ti ń bẹ Ọlọ́hun pé kí òun àti ìran òun máa gbé ìrun dúró.

Ti ìjà ilẹ̀ yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Áyà 10 nínú Súúrà Háṣírì ni kí ẹ kà: «Olúwa wa, forí jin àwa àti àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́, má sì jẹ́ kí inú burúkú wà nínú ọkàn wa sí àwọn tí ó gbàgbọ́ ní òdodo.» Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì wo ojú ẹnikẹ́ni, nítorí bí a bá fi àdúà bá ènìyàn wí láàárín àwùjọ, ìjà tuntun lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àmín tán.

Èsì kejì

Ní ti àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ lè tọrọ ìlera àti ìmọ̀nà fún wọn níwọ̀n ìgbà tí wọ́n wà láàyè. Abu Huraira jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ìyẹn àwọn alábàárìn Ànábì. Ìyá rẹ̀ kò tíì gba Ìsìláàmù, kódà ó ti sọ̀rọ̀ tí kò dára sí Ànábì, nígbà tí Ànábì bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi ọ̀nà òdodo hàn án. Ó wà nínú àkójọ hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) tí Imam Muslim kó jọ. Ní ti Fátíà, súúrà àkọ́kọ́ nínú Kùránì, tí a fi ń parí àdúà nílẹ̀ wa, àwọn àáfà kò fẹnu kò lé e lórí. Bí bàbá àgbà kan bá ní kí a kà á, ẹ kà á, ẹ má sọ ọ́ di àríyànjiyàn lọ́jọ́ ọdún.

Èsì kẹta

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ọdún o. Èmi máa ń wà nídìí ìkòkò, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí àdúà gùn títí ọ̀rá yóò fi dì lójú ọbẹ̀, pàápàá àdúà tí a ń fi owó pè lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo kà sí ọjà. Àwọn sàábé kan ráhùn fún Ànábì pé àwọn ń jẹun, àwọn kì í yó. Ó bi wọ́n bóyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹun, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n péjọ sídìí oúnjẹ wọn, kí wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun lé e, ìbùkún yóò sì wà níbẹ̀ fún wọn. Abu Daud ló gbà á wá nínú àkójọ hádíìsì tirẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé àwo kan ṣoṣo sáàárín àwọn tí ń jà yẹn, kí ẹ ṣe bísímílà sókè.

Kí ẹ tó túká, ẹ ka «Subhānaka Allāhumma wa bihamdika, ashhadu an lā ilāha illā anta, astaghfiruka wa atūbu ilayk», tí hádíìsì Tirmidhi sọ pé a fi ń tọrọ àforíjìn ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí a sọ níjokòó náà.

Olùbéèrè

Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san rere. Ṣé mo lè kà wọ́n láti inú ìwé?

Èsì kìíní

Ẹ lè kà wọ́n. Kò pọn dandan kí ẹ há wọn sórí. Kí ẹ ṣáà túmọ̀ wọn sí Yorùbá, kí àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí.